Láti Ìdí Ẹwìrì dé Ìdí Dígí: Ìtàn Aṣírù Ọlátúndé àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Etí Òkun

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní, alágbẹ̀dẹ tí ó bá ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi náà yóò lu irin lójú kan nínú àpilẹ̀kọ yìí. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí wa pé kí ẹ fi sùúrù bá mi lọ títí n ó fi fa ohun tí mo fẹ́ fà yọ jáde.

Ní Igbókọ̀dá, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ọmọkùnrin kan wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Bí àwọn yòókù bá ń ka wàláà, tirẹ̀ á ti fi wàláà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa fi ìṣó ha nǹkan. Ní ọjọ́ kan, mo gba agolo mílíìkì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti la agolo náà, ó ti tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ó sì ti fi ìṣó àti òkúta lu àwòrán ọkọ̀ ojú omi sí i lára, pẹ̀lú apẹja méjì nínú ọkọ̀ náà àti àwọ̀n tí wọ́n ń jù. Nígbà tí mo gbé e sí oòrùn, ìgbì tí ó lù sí i ń dán yinrinyinrin bí omi òkun gan-an. Inú mi fẹ́ bí, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára agolo náà.

Ọ̀rọ̀ dé etí bàbá ọmọ. Apẹja ni, ó sì jù mí lọ́jọ́ orí. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Asri, ó ní, "Ààfáà, ẹ bá mi nà án. Mo fi í sílé kéú kí ó lè dènìyàn, agolo ni ó ń lù kiri. Ta ni ń jẹun nídìí agolo? Àti pé, Ààfáà, ṣé kì í ṣe ère ni eléyìí? Ṣé ẹ̀sìn wa gbà á?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná." Ìbéèrè méjì ni ó bi mí: ṣé iṣẹ́ tí ń bọ́ni ni, àti pé ṣé iṣẹ́ tí ẹ̀sìn gbà ni? N kò lè dá a lóhùn dáadáa ní ọjọ́ náà. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni èsì mi fún un, àti fún gbogbo òbí tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé.

ỌMỌ ALÁGBẸ̀DẸ KAN NÍ ÒṢOGBO

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ni Aṣírù Ọlátúndé. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1918. Orúkọ rẹ̀ ti sọ fún wa pé ọmọ Mùsùlùmí ni. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni ó ti jáde wá, iṣẹ́ ìdílé náà ni ó sì kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí ilé àgbẹ̀dẹ ti rí mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọmọ kékeré ni yóò jókòó sídìí ẹwìrì, tí yóò máa fẹ́ iná èédú. Nígbà tí irin bá pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́, ọ̀gá yóò fi ẹ̀mú gbé e, yóò gbé e lé orí owú, yóò sì máa fi òòlù lù ú kí ó tó tutù. Bí ó bá tutù, wọn á tún dá a padà sínú iná. Báyìí ni ọkọ́, àdá, àáké àti ọ̀bẹ ṣe ń jáde. Iṣẹ́ agbára ni. Ẹni tí apá rẹ̀ àti àyà rẹ̀ kò bá le, kò lè ṣe é pẹ́.

Ibẹ̀ ni ìṣòro Aṣírù ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn dé, ara rẹ̀ kò sì gba iṣẹ́ òòlù ńlá mọ́. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún ọkùnrin tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, tí baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀ kò sì ṣe òmíràn. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kí ó máa retí kí àwọn ará ilé gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Aṣírù fi òòlù ńlá sílẹ̀, ó mú òòlù kékeré. Ó fi irin sílẹ̀, ó mú bàbà tí ó rọ̀ jù ú lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹtí àti àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́ tí àwọn obìnrin ń lò, ó ń tà wọ́n, ó sì ń jẹun.

Ní àkókò náà, àwọn àlejò méjì kan ń gbé ní Òṣogbo. Èkíní ni Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí a bí ní ọdún 1922, tí ó dé ilẹ̀ wa ní ọdún 1950 láti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èkejì ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a bí ní ọdún 1915, tí ó gbé Òṣogbo títí ó fi kú ní ọdún 2009. Wenger ni àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní, òun ni ó ṣe àwọn ère ńláńlá inú igbó Ọ̀ṣun, igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ọ̀nà ẹ̀sìn tirẹ̀ àti tiwa kò pàdé níbì kankan, èyí kò sì fara sin. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ojú rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára, òun àti Beier ni wọ́n sì rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ Aṣírù kí àwa ará ilé tó rí i.

Wọ́n rí yẹtí bàbà rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó lè fi òòlù kékeré fún ohun tí kò ju èékánná lọ ní ẹwà, yóò lè ṣe ohun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á níyànjú pé kí ó gbìyànjú àwòrán sára bàbà. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹranko kékeré kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, ó gbé páálí bàbà tí ó fẹ̀, ó lu ẹyẹ, ìgalà, ọdẹ àti igi sí i lára. Lẹ́yìn èyí ni ó bọ́ sórí páànù alumíníọ̀mù, tí ó fúyẹ́ tí ó sì rọ̀ fún òòlù. Àwọn ọdún 1960 ni gbogbo èyí, nígbà tí Òṣogbo ń gbóná fún iṣẹ́ ọnà. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládipọ̀, òǹkọ̀wé eré, àti Beier dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe ń wá kọ́ bí a ti ń ya àwòrán. Aṣírù kì í ṣe ọ̀dọ́ nígbà náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ ti lọ.

BÍ Ó TI Ń ṢE IṢẸ́ RẸ̀

Kò da irin sínú ohun kan, bẹ́ẹ̀ ni kò fi iná jó o pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn wẹ́dà ti ń ṣe. Yóò tẹ́ páànù sílẹ̀, yóò fi irin ṣóńṣó sàmì sí ibi tí orí, apá, ẹ̀ka àti ewé yóò wà. Lẹ́yìn náà ni yóò mú òòlù àti àwọn irin kéékèèké, tí ẹnu wọn yàtọ̀ sí ara wọn, yóò máa lù wọ́n sára páànù. Ibi tí ó lù wọlé yóò lọ sẹ́yìn, ibi tí kò lù yóò yọ síwájú. Àyíká àwòrán náà ni yóò fi ojú kékeré kékeré kún bí ẹni ń gbin àgbàdo, kí àwòrán fúnra rẹ̀ lè máa dán láàárín. Bí wọ́n bá gbé e sórí ògiri, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn lára rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń yí.

Bàbà ní ìwà kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀: bí a bá lù ú pẹ́, ara rẹ̀ á le, bí a kò bá sì ṣọ́ra, á ya. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi iná yá a kí ó tún rọ̀ padà, kí ó tó máa bá iṣẹ́ lọ. Iná yìí kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Bàbà ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius, alumíníọ̀mù ní tirẹ̀ ń yọ́ ní 660 péré. Ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ ni Aṣírù, kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ ọ bí a ti ń wo iná. Ohun tí ó kọ́ ní kékeré lẹ́bàá ẹwìrì kò ṣòfò nígbà tí àìsàn gba òòlù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan nìyí: ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ dáadáa, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́, ìmọ̀ rẹ̀ kò ní já.

Igi ńlá kan tí ẹ̀ka rẹ̀ bo gbogbo páànù, tí ẹyẹ àti ẹranko kún abẹ́ àti òkè rẹ̀, ni iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ. Igi Ìyè ni wọ́n ń pè é. Ó lu ìtàn ọba àti ìjòyè, ó lu ọdẹ àti ọdún ìbílẹ̀, ó lu ìtàn Ànábì Ádámà àti Hawáù nínú ọgbà. Àwọn iṣẹ́ náà wọ ilé ìkóhun-ọnà-sí lókè òkun, àwọn òyìnbó ń rà wọ́n, ọkùnrin tí àìsàn lé kúrò nídìí owú sì di ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó kú ní ọdún 1993. Kí Ọlọ́run Ọba dárí jì í.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá ọmọ bi mí ti ní èsì wàyí. Ẹnìkan jẹun nídìí páànù. Òun nìkan sì kọ́. El Anatsui, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí a bí ní ọdún 1944, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka ní ọdún 1975, ń fi wáyà rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọrí ìgò ọtí pọ̀ títí wọn yóò fi dà bí aṣọ òkè gbàgẹ̀dẹ̀gbagede. Ọtí tí àwa kì í fọwọ́ kàn, ọmọrí rẹ̀ tí wọ́n dà sí ààtàn ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní ìlú Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÈRE ÀTI ÀWÒRÁN

Ìbéèrè kejì ni ó le, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Hadiisi mọ̀ pé ìkìlọ̀ tí ó gbóná wà fún àwọn tí ń ṣe àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí bí ìkìlọ̀ náà ti gbòòrò tó: àwọn kan kò gba àwòrán ohun ẹlẹ́mìí kankan rárá, àwọn kan yọ àwòrán pẹlẹbẹ tí kò ní òjìji sílẹ̀, wọ́n ní ère tí a gbé dúró ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn fẹnu kò pé ohun tí a bá ṣe fún ìbọ kò ní àwíjàre.

Nínú ìwé Bukhari, ìtàn kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan tọ Ibn Abbas wá, ó ṣàlàyé fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni òun fi ń jẹun, àwòrán sì ni òun ń ṣe. Ibn Abbas sọ ìkìlọ̀ Ànábì fún un, ojú ọkùnrin náà sì yí padà. Ẹ wo ohun tí Ibn Abbas ṣe lẹ́yìn èyí. Kò ní kí ó lọ jókòó sílé. Ó ní bí kò bá lè ṣe kó má ṣiṣẹ́ náà, kí ó yá máa ṣe igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ó ṣílẹ̀kùn mìíràn fún un, kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Igi! Ohun tí Aṣírù fi lókìkí náà nìyí. Òtítọ́ ni pé ẹyẹ àti ẹranko wà lára igi tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé èrò tí ó le nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ní fi gbogbo iṣẹ́ Aṣírù ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé iṣẹ́ irin àti bàbà fúnra rẹ̀ kò tọ́. Suratu Saba'i sọ fún wa pé Ọlọ́run rọ irin fún Ànábì Dáúdà kí ó fi ṣe ẹ̀wù ogun, Ó sì jẹ́ kí bàbà yíyọ́ máa ṣàn fún Ànábì Sulaimọ́nì. Bí Ànábì bá rọ irin, ta ni ọmọ wa tí yóò fi ojú kéré rẹ̀?

Fún ọmọ tèmi, mo sọ fún un pé kí ó máa lu omi, ọkọ̀, ìràwọ̀, ewé àti lẹ́tà Lárúbáwá. Àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn ti fi idẹ àti fàdákà kọ lẹ́tà tí ẹwà rẹ̀ kò tán títí di òní.

IYANRÌN TÍ Ó DI DÍGÍ

Kò ju agolo nìkan lọ ni ọmọ yìí mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ̀. Iyanrìn funfun ilẹ̀ Igbókọ̀dá ni iyanrìn tí a fi ń ṣe gíláàsì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ èyí, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ gíláàsì Olúwa sílẹ̀ níbẹ̀, láti máa sọ iyanrìn wa di dígí. Ilé iṣẹ́ náà ti dákẹ́ láti ọdún pípẹ́. Àwọn ọmọ wa ń kọjá níwájú rẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ti ibẹ̀ jáde.

Báwo ni iyanrìn ṣe ń di dígí? Iyanrìn nìkan kò ní yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 1,700, iná tí ó ju ti àgbẹ̀dẹ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí a bá po ohun tí ó dà bí kánún tàbí eérú igi mọ́ ọn, yóò yọ́ kí iná tó tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì fi ẹfun òkúta tàbí ìkarahun tí a jó kún un, dígí náà kò ní máa yọ́ nínú omi, yóò lágbára.

Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí àwa ará etí òkun. Ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius gbẹ́ ibẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí àwọn ìkòkò amọ̀ tí dígí yọ́ mọ́ lára. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sọ nígbà náà pé àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́ dígí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá àti òyìnbó ni. Ọmọ ilẹ̀ wa kan, Dókítà Abídèmí Babátúndé Babalọlá, tún gbẹ́ Igbó Olókun ní àwọn ọdún 2010 sí 2012. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000 àti àpáàdì ìkòkò ìyọ́gíláàsì tí ó lé ní 800. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tí ó wà nínú dígí náà wò, wọ́n rí i pé kò jọ ti Íjíbítì, kò jọ ti Yúróòpù. Nínú òkúta àti iyanrìn ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ó ti wá. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn baba ńlá wa ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìlẹ̀kẹ̀ wọn sì rìn dé Gao ní ilẹ̀ Mali, ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìtàn wa ní Ugbò sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni a ti wá sí etí òkun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìmọ̀ iná yìí.

Ní Bídà, ní Ìpínlẹ̀ Niger, àwọn Mùsùlùmí ará Núpé kan wà tí wọ́n ń pè ní Masaga. Iṣẹ́ dígí ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Nínú ahéré tí ó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n lè mọ àwọ̀ iná dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ ń pààrọ̀ ara wọn nídìí ẹwìrì, àwọn ọ̀gá ń fi ọ̀pá irin ká dígí yíyọ́. Wọn á gún ihò sí àárín rẹ̀, wọn á yí ọ̀pá náà kíákíá títí ihò yóò fi fẹ̀, yóò sì di ẹ̀gbà ọwọ́ tí kò ní ojú ìsopọ̀. Ìgò ọtí àti ìgò oògùn tí wọ́n bá jù nù ni wọ́n ń yọ́ fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n dígí kan wà tí wọ́n mọ bí a ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bikini.

Àwọn Ifẹ̀ àti àwọn Masaga kì í fẹ́ gíláàsì. Fífẹ́ gíláàsì jẹ́ iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáàmù, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú ìbí Ànábì Isa. Oníṣẹ́ á fi ọ̀pá irin oníhò gùn bá dígí yíyọ́, á fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ó wú bí àpòòtọ̀, á máa yí i láìdúró, nítorí bí ó bá dúró, yóò ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá parí, á fi í sínú ààrò mìíràn kí ó máa tutù díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fọ́ ní ọwọ́ rẹ̀. Láti ọ̀nà yìí ni àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Ṣáàmù àti Íjíbítì ti ṣe àwọn fìtílà mọ́sálásí aláràbarà ní ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, tí wọ́n fi wúrà àti àwọ̀ búlúù kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí lára. Ẹni tí ó bá mọ Suratu Nuuri, tí ó mọ bí ó ti fi fìtílà inú dígí ṣe àpèjúwe ìmọ́lẹ̀, yóò mọ ìdí tí ọkàn wọn fi fà sí iṣẹ́ yìí.

Iṣẹ́ náà ti dé ìtòsí wa báyìí. Ní Odumase Krobo ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí láti ayébáyé, Michael Tetteh, ẹni tí ó ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ kọ́ fífẹ́ gíláàsì ní Yúróòpù. Ó padà sílé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò, ó sì ń sọ fèrèsé fífọ́ àti ìgò tí wọ́n ti jù nù di ife àti ìkòkò òdòdó. Bákan náà, ní Òṣogbo wa níhìn-ín, Jímọ̀ Buraimoh, tí a bí ní ọdún 1943, tí iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó ń ṣe fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládipọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán sórí pákó, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ FÀ YỌ

Ẹ jẹ́ kí n fa á yọ wàyí. Láti ìdí irin ni Aṣírù ti bọ́ sí bàbà. Láti ìdí ìlẹ̀kẹ̀ ni Tetteh ti bọ́ sí ife. Láti ìdí wáyà iná ni Buraimoh ti bọ́ sí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀run. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ó mú wọn dé èyí tí wọ́n fi lókìkí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a mọ̀ pé nǹkan kò rọrùn ní etí òkun. Omi òkun ń jẹ Ayétòrò lójoojúmọ́, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 tí ó lókìkí fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ọkọ̀ kíkàn. Epo tí ń dà sínú omi ń lé ẹja jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ lọ sí Èkó, àwọn kan sì ń wo ọ̀nà aṣálẹ̀. N kò ní sọ pé kí ẹni tí ebi ń pa jókòó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó kọ́kọ́ ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹ lọ bá àwọn wẹ́dà àti àwọn tí ń rọ irin ọkọ̀ ní Igbókọ̀dá, kí ẹ kọ́ bí iná ti ń rí. Ẹ má ṣe dá ààrò gíláàsì dá láìsí ọ̀gá, nítorí iná náà kì í ṣeré. Ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́wàá tán, ẹ̀kọ́ gíláàsì àti ìkòkò wà ní Federal Polytechnic Adó-Èkìtì, ẹ̀kọ́ ère àti irin sì wà ní Yaba College of Technology àti ní Auchi Polytechnic. Gbogbo èyí kò ní kí ẹ fi kéú sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi pàṣán lé ọmọ kúrò nídìí ohun tí Ọlọ́run fi sí i lọ́wọ́. Ẹ tọ́ ọ sọ́nà ni. Àwọn àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ rí ẹwà ọwọ́ Aṣírù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà wa ni ó ti ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó dùn wá tó pé kí ó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìjọba, iyanrìn Igbókọ̀dá kò tíì lọ ibì kankan. Àwọn ọwọ́ tí yóò yọ́ ọn ni ó ń lọ.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí fún bàbá ọmọ náà ní alẹ́ ọjọ́ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ títí. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ààfáà, ẹni méjì tí ó lù sínú ọkọ̀ yẹn ńkọ́?" Mo ní mo ti sọ fún ọmọ pé ọkọ̀ àti omi nìkan ni kí ó máa lù láti ìsinsìnyí lọ. Ó mi orí. Ó tún ní, "Ọkọ̀ náà jọ tèmi." Ó wá béèrè ibi tí agolo náà wà. Mo gbé e fún un, ó sì mú un lọ sílé. Ní Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ tí kò sí kéú, ọmọ náà ń lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan báyìí. Wàláà rẹ̀ sì ti dé Suratu Rahmọ́ọ̀nù.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó fi àwọn tí yóò rí wọn hàn wọ́n. Aamiin.